Ìrètí Ọjọ́ Ọ̀la àti Àlàáfíà Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ní Agbègbè Jeddo àti Warri ní Àsìkò Àrùn Kòrónà: Àgbéyẹ̀wò Onítàn

Àṣamọ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ni pé àrùn Kòrónà ló ba ìrètí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Nàìjíríà jẹ́ ní ọdún 2020. Bébà yìí wo ọ̀rọ̀ náà láti agbègbè Jeddo àti Warri ní Ìpínlẹ̀ Delta, ó sì fi àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Èrò wa ni pé àrùn nìkan kọ́. Ohun tí ó wọ akẹ́kọ̀ọ́ lára jù ni dídúró láìmọ ọjọ́ tí ìdúró yóò parí, nítorí ìyanṣẹ́lódì, òfin kónílé-ó-gbélé àti ọjà epo tí ó dẹnu kọlẹ̀ pàdé lórí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. A tún wo ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe nígbà tí wọ́n ń dúró.

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Nígbà tí a bá pa òwe yìí, ohun tí a sábà máa ń fẹ́ sọ ni pé ayé ń yí. Ọrọọrún inú rẹ̀ ni àwa fẹ́ kí á dúró lé. Babaláwo kò mọ ọ̀la, ṣùgbọ́n ó mọ ọjọ́ tí yóò tún béèrè. Ẹni tí ó bá mọ ọjọ́ tí yóò tún béèrè lè fara da àìmọ̀ títí ọjọ́ náà yóò fi pé. Ẹni tí wọn kò dá ọjọ́ kankan fún ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣòro. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba jẹ́ ní Nàìjíríà láti oṣù Ẹrẹ́nà títí dé oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2020.

Jeddo jẹ́ ìlú àwọn Okpe, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Okpe ní Ìpínlẹ̀ Delta, Warri àti Effurun sì ti ń gbòòrò lọ bá a. Ilé-iṣẹ́ ìfọpo Warri, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978 ní Ekpan, kò jìnnà sí ibẹ̀. Ní Effurun ni Petroleum Training Institute wà, tí òfin ọdún 1972 dá sílẹ̀. Ní ọdún 2007 ni ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì tí ó jẹ́ ti ìmọ̀ epo rọ̀bì sílẹ̀ ní Ugbomro, lẹ́bàá Effurun, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní FUPRE. Ọmọ tí ó bá dàgbà ní àyíká yìí ti mọ ohun tí páìpù àti tánkà epo jẹ́ kí ó tó mọ ìwé kà. Bí òbí rẹ̀ bá sì ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ ọ̀la rẹ̀, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo ni wọ́n sábà máa ń ní lọ́kàn.

Ẹni tí ó bá béèrè ìdí tí a fi ń fi èdè Yorùbá kọ̀wé nípa Jeddo, ìdáhùn wa kò gùn. Yorùbá ń gbé Warri, wọ́n ń tajà níbẹ̀, wọ́n ń bímọ níbẹ̀. Èdè Itsekiri tí wọ́n ń sọ ní Warri bá Yorùbá tan. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ọ̀dọ́ agbègbè náà fi ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀la lóde òní pẹ̀lú, bí a ó ṣe rí i níwájú, ọ̀rọ̀ Yorùbá wà nínú wọn.

Ohun tí àrùn ọdún 1918 kọ́ wa

Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti Accra, àrùn influenza sì wà lára àwọn kan nínú rẹ̀. Láti Èkó, àrùn náà bá ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi wọ inú ilẹ̀ lọ. Òǹpìtàn Don Ohadike, tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní ọdún 1981, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 500,000 ló kú ní Nàìjíríà kí oṣù mẹ́fà tó pé, nínú àwọn ènìyàn tí kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 18 lọ nígbà náà.

Ohadike kò dúró lórí kíka òkú, ìdí sì nìyí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi wúlò fún wa. Ó béèrè ohun tí àwọn tí kò kú ṣe. Ó wo ìsàlẹ̀ odò Ọya, ní agbègbè tí Asaba wà, níbi tí iṣu ti jẹ́ ọba oúnjẹ. Wọ́n ti mọ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n kà á sí oúnjẹ tálákà. Iṣu ń fẹ́ ebè, ó ń fẹ́ igi tí yóò fà gùn, ó ń fẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí apá rẹ̀ le, àwọn tí agbára wà lára wọn gan-an sì ni àrùn 1918 pa jù. Ẹ̀gẹ́ kò béèrè tó bẹ́ẹ̀. Opó kan lè dá a gbìn, ó sì lè dúró nínú ilẹ̀ títí ọwọ́ yóò fi ráyè wú u. Báyìí ni ohun tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ṣe wọ oko wọn, kò sì jáde mọ́. Kí á sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn odi: ẹni tí ó jókòó ti sítáàṣì àti ọbẹ̀ banga ní Jeddo lónìí, tí ó ń sọ pé oúnjẹ àwọn baba ńlá òun ni, ẹ̀gẹ́ náà ló ń jẹ.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọ̀nà mìíràn ni àwọn tí ó là á já gbà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1918 ni J. B. Shadare àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà nítorí àrùn náà, èyí tí ó di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Ọ̀kan nínú àwọn tí ohùn wọn ròkè jù níbẹ̀ ni Sophia Odunlami, olùkọ́ ilé-ìwé ní Ìsónyìn, ọ̀dọ́mọbìnrin tí àrùn náà ti mú rí tí ó sì gbádùn. Láti ara àwùjọ yìí àti irú rẹ̀ ni àwọn ìjọ Aládùúrà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. A kò dá ẹjọ́ ẹ̀sìn níbí. Ohun tí a rí ni pé olùkọ́ kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ti inú àìsàn jáde, kò sì padà sí bí ọ̀rọ̀ ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè tí a gbé wá sí ọdún 2020 nìyẹn. Kí ni àwọn tí kò kú ṣe?

Àgádágodo méjì lára ilẹ̀kùn kan

Kí á tó dáhùn, ó yẹ kí á to àwọn ọjọ́ náà tẹ̀léra, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dà wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn. Ọjọ́ 27 oṣù Èrèlè ọdún 2020 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹnì kan ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà, ará Ítálì kan tí ó gba Èkó wọlé. Ọjọ́ 9 oṣù Ẹrẹ́nà ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ Kòrónà kọ́ ni. Ètò ìsanwó oṣù tí wọ́n ń pè ní IPPIS ni, pẹ̀lú àdéhùn ọdún 2009 tí ìjọba kò mú ṣẹ. Ọjọ́ 19 oṣù náà ni ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tì nítorí àrùn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì ASUU pé ní ọjọ́ 23, wọ́n sọ ọ́ di ìyanṣẹ́lódì tí kò ní gbèdéke. Ní ọjọ́ 1 oṣù Igbe, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Delta.

Àgádágodo méjì ló wà lára ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, kọ́kọ́rọ́ wọn sì wà lọ́wọ́ ẹni méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Ìdí nìyí tí a kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tí ń sọ pé àrùn ló ti yunifásítì pa. Àrùn ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn tú tirẹ̀ sílẹ̀, èkejì kò tú. Àwọn ọmọ girama tí ó wà ní kíláàsì àṣekágbá jókòó ìdánwò WAEC láti ọjọ́ 17 oṣù Ògún. Ní ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀wàrà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ṣí ilẹ̀kùn padà. Yunifásítì ìjọba kò ṣí. Títí di ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀pẹ̀ ni ASUU ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìyanṣẹ́lódì náà dúró, àṣẹ ìwọlé sì wá di oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2021.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú ilé kan. Àbúrò ti wọ yúnífọ́ọ̀mù, ó ti ń lọ sí ilé-ìwé láràárọ̀. Ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní ìpele kẹrin ní yunifásítì ni ó ń gbálẹ̀, tí ó ń jẹ́ iṣẹ́, tí ó ń lọ pọn omi. Ní ojúlé kejì, ọmọ ọdún rẹ̀ kan náà tí òbí rẹ̀ lówó láti rán an lọ sí yunifásítì aládàáni ń gbọ́ ẹ̀kọ́ lórí fóònù, ó sì ti ń múra àtigboyè. Kí oṣù Ẹrẹ́nà tó dé, àwọn méjèèjì jọ wà ní ìpele kan ni. Àrùn kan náà ló ń jà ládùúgbò àwọn méjèèjì. Bí ẹnì kan bá ní àrùn ló ba ìrètí ẹni àkọ́kọ́ jẹ́, kí ló dé tí kò ba ti ẹnì kejì jẹ́ bákan náà?

Ohun kan tún wà tí ó mú kí ìdúró yìí le sí i. Iranti tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní nípa àjàkálẹ̀ àrùn ni ti Ebola ọdún 2014. Ọjọ́ 20 oṣù Agẹmọ ni èyí wọ Èkó, ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀wàrà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Oṣù mẹ́ta péré. Ènìyàn 20 ló mú, 8 sì kú. Ohun tí ọ̀pọ̀ rò ní ọdún 2020 ni pé bí ti Ebola ni èyí náà yóò ṣe kọjá, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí epo kò níye mọ́

Ní agbègbè tí a ń sọ yìí, ẹ̀rù kẹta wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀ kò rí tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Igbe ọdún 2020, iye owó epo rọ̀bì Amẹ́ríkà lọ sílẹ̀ kọjá òdo. Ẹni tí ó ní àgbá epo kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà yóò san nǹkan bí dọ́là 37 kí wọ́n tó bá a gbé e lọ. Epo tiwa kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀, tí ó ti fi dọ́là 57 lórí àgbá kan ṣètò ìnáwó ọdún náà, padà wá sí dọ́là 28. Ní oṣù kan náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ìfọpo ìjọba, ti Warri pẹ̀lú, kò fọ epo.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ epo jókòó nílé, kí ó máa ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, kò dà bí kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin kà á. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń sọ fún un láti kékeré ni pé kí ó sáà ti wọlé, kí ó sáà ti jáde, epo yóò gbà á. Nísinsìnyí, kò lè wọlé, kò lè jáde, epo náà kò gba ẹnikẹ́ni. Àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ gbé iye jáde fún ìparí ọdún 2020 pé nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 34 tí wọ́n sì ń wá iṣẹ́, ìdá 42.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò rí ṣe. Àwọn tí ó ti gboyè pàápàá kò rí ọ̀nà lọ. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ni wọ́n tú àwọn àgùnbánirọ̀ ká ní ibùdó, oṣù Bélú ni ibùdó tó tún ṣí.

Ohun tí ọwọ́ wọn rí ṣe

Àwọn tí kò kú ní ọdún 1918 gbin ẹ̀gẹ́. Àwọn ọmọ ọdún 2020 wá ẹ̀gẹ́ tiwọn. Àwọn kan kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, irun dídì, kíkun ojú fún ìyàwó, ṣíṣe bàtà, títún fóònù ṣe. Àwọn kan jókòó sí abẹ́ agbòjò pẹ̀lú ẹ̀rọ POS. Àwọn mìíràn kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lórí YouTube, wọ́n ń fi owó oúnjẹ ra dátà. Àwọn kan padà sí oko ìyá wọn, ẹ̀gẹ́ gidi ni àwọn yẹn sì gbìn. Kí á má sì fi èyí tí kò dára pamọ́: àwọn kan wà tí ó ti ibẹ̀ wọ iṣẹ́ yahoo, wọn kò sì padà sẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọbìnrin ni iṣẹ́ ilé já lé léjìká. Àárọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀sán ilé ìdáná, alẹ́ ni ó tó lè ṣí ìwé, bí iná bá wà.

A kò fẹ́ fi ìyìn bo ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ará Warri a máa fi èdè Pijin wọn yangàn pé Warri no dey carry last, àwọn olóṣèlú sì fẹ́ràn láti máa yin ọ̀dọ́ pé wọ́n gbọ́n féfé, pé wọn kì í jẹ́ kí ìyà jẹ àwọn. Ọgbọ́n náà wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ nítorí pé ó wù ú, tí ó sì yan ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí ẹni tí ó kọ́ ọ nítorí pé kò mọ̀ bóyá òun tún jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Èdè wọn fi èyí hàn. Ní àsìkò yìí ni ọ̀rọ̀ méjì gba gbogbo ẹnu kan, ní Èkó, ní Warri, ní Abuja. Ọ̀kan ni sápà, ìyẹn ìṣẹ́ tí ó bá ènìyàn lójijì tí kò jẹ́ kí ó mí. Èkejì ni jápa. Yorùbá ti ń lo jápa tipẹ́ fún ẹni tí ó bẹ́ sá, tí ó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ewu. Ọ̀dọ́ Urhobo, Okpe àti Ijaw tí kò gbọ́ Yorùbá gba ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sọ ọ́ di orúkọ fún ọjọ́ ọ̀la. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà ní ọjọ́ 1 oṣù Agẹmọ ọdún 2021 pé ẹni tí ó bá gboyè níbẹ̀ lè dúró ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, jápa ti ní àdírẹ́sì. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó wà nínú ọ̀nà yẹn tí kò sí nínú yunifásítì ilé: wọ́n kọ iye ọdún sí i.

Kò yẹ kí á fo oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020. Ìwọ́de EndSARS tí ó gba gbogbo orílẹ̀-èdè, láti ara fídíò kan ló ti gbiná, tí wọ́n sọ pé ó ṣẹlẹ̀ ní Ughelli ní ọjọ́ 3 oṣù náà, ní Ìpínlẹ̀ Delta níbí. Ìwà àwọn ọlọ́pàá ló bí i, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìyanṣẹ́lódì ni. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn rẹ̀ kò lè gbàgbé pé ìgboro nìkan ni ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba ní oṣù náà.

Ṣé àlàáfíà ni?

Bí Yorùbá bá béèrè pé ṣé àlàáfíà ni, kì í ṣe ara nìkan ni ó ń béèrè. Ó ń béèrè ilé, ọmọ, iṣẹ́, ọ̀nà. Ẹni tí ara rẹ̀ le tí ọ̀nà rẹ̀ dí kò lè dáhùn pé àlàáfíà ni láìjẹ́ pé ó fẹ́ pa ẹnu mọ́. Bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe wà nìyẹn. Kòrónà kò mú wọn. Wọn kì í sùn lóru, wọ́n máa ń sùn lọ́sàn-án. Wọ́n ń sá fún àwọn aládùúgbò nítorí ìbéèrè kan: ṣé ẹ kò tíì wọlé ni? Ìbéèrè ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ìdáhùn rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Amọ̀ràn tí àgbà ń fún wọn ni sùúrù. A bọ̀wọ̀ fún àgbà, a kò sì sọ pé sùúrù kò dára. Ohun tí a rí ni pé sùúrù jẹ́ ti ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń dúró dè. Ìrànlọ́wọ́ mìíràn ṣọ̀wọ́n. Òfin tí Nàìjíríà ń lò lórí àìsàn ọpọlọ nígbà náà, láti ìgbà àwọn òyìnbó amúnisìn ni. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023 ni ààrẹ tó fọwọ́ sí òfin tuntun. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn sì ka ẹni tí ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ sí arúfin. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá dé ojú irú ẹ̀ẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ọlọ́pàá yóò bà á kí ó tó rántí dókítà.

Ìṣirò kan tí ó kù

Ilẹ̀kùn ṣí ní ọdún 2021. Ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlè ọdún 2022, ó tún tì, ó di ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà. Oṣù mẹ́jọ géérégé, kò sì sí àjàkálẹ̀ àrùn kankan tí a lè dẹ́bi fún.

Ẹ jẹ́ kí á mú ẹnì kan tí ó wọ yunifásítì tí ó tẹ̀lé ìpè ASUU ní ọdún 2017, fún ẹ̀kọ́ ọlọ́dún márùn-ún. Oṣù mẹ́ta lọ láàárín oṣù Bélú ọdún 2018 sí oṣù Èrèlè ọdún 2019. Oṣù mẹ́sàn-án àbọ̀ lọ ní ọdún 2020. Oṣù mẹ́jọ lọ ní ọdún 2022. Ó lé ní oṣù 20. Bí ó bá wọlé ní ọmọ ọdún 18, ó lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ agbègbè yìí kì í wọlé ní ọmọ ọdún 18, nítorí pé wọ́n ti ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó rí owó ilé-ìwé. Ẹni tí ó bá wọlé ní ọmọ ọdún 24 yóò gboyè nígbà tí ó ti kọjá 30, ẹni tí ó bá sì ti kọjá 30 nígbà tí ó gboyè kì í ṣe àgùnbánirọ̀ mọ́. Ìwé ìyọ̀ǹda ni wọn yóò fún un, àwọn agbanisíṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọjọ́ orí sínú ìpolówó iṣẹ́ yóò sì kọjá lára rẹ̀.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àrùn 1918 kọjá kí iṣẹ́ Ohadike tó jáde, bẹ́ẹ̀ ó rí ìwé ìjọba kà. Ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún 2020 kò sí nínú ìwé ìjọba. Inú WhatsApp ni ó wà: nínú gúrúùpù kíláàsì, níbi tí ẹnì kan ti ń béèrè láràárọ̀ bóyá ìròyìn wà, tí ẹlòmíràn ń fi ohùn ránṣẹ́ láago méjì òru. Fóònù ń bàjẹ́, wọ́n ń jí i, wọ́n ń pa gúrúùpù rẹ́ lẹ́yìn ìgboyè. Ẹ̀ka Ìtàn àti Ẹ̀ka Èdè ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ohùn yìí jọ, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn tí ó ni wọ́n, ní Urhobo, ní Okpe, ní Itsekiri, ní Ijaw, ní Yorùbá àti ní Pijin Warri. Àwọn tí ó wà ní ìpele àkọ́kọ́ ní ọdún 2020 ti ń jáde tán.